Ajá Àlùfáà Russell: Ìwà Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1819, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Exeter ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nasẹ̀ lọ sí ìhà abúlé Marston, ó sì mú ìwé kan lọ́wọ́. John Russell ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni, iṣẹ́ àlùfáà ni òun náà sì ń múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹṣin àti ajá ni ọkàn rẹ̀ fà sí láti ìgbà èwe, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Blundell ní Tiverton, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n lé e kúrò nítorí àwọn ajá ọdẹ tí ó ń sin ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó tó dé Marston, ó pàdé oníwàrà kan, abo ajá kékeré kan sì ń tẹ̀ lé oníwàrà náà lẹ́yìn. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò tún jẹ́ nǹkan kan mọ́ lójú rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi ra ajá náà.

Trump ni orúkọ ajá yìí. Funfun ni gbogbo ara rẹ̀, àfi àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ó ṣókùnkùn tí ó wà ní ojú àti etí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àti àmì kan ní ìdí ìrù rẹ̀ tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ kan lọ. Irun rẹ̀ le, ó nípọn, ó sì sùn mọ́ ara, òjò àti òtútù kò lè tètè wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, gíga àti ìtóbi rẹ̀ kò sì ju ti abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó dàgbà lọ. Láti ara abo ajá yìí ni Russell ti bẹ̀rẹ̀ ìran ajá tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Australia, àti ní ibi púpọ̀ mìíràn.

Ajá náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní tẹ́ríà. Inú ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ ni orúkọ yìí ti wá, ó sì gba ọ̀nà èdè Faransé kọjá kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un lò. Ajá tí ń wọ inú ilẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwà ajá yìí ní láti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ sìn ín, nítorí iṣẹ́ náà ni ó fún un ní ara tí ó ní, òun náà ni ó sì fún un ní ọkàn tí ó ní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, ọ̀tá àwọn tí ń sin adìyẹ àti ọmọ àgùntàn ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ eré fún àwọn ọlọ́lá láti máa fi ẹṣin àti ọ̀wọ́ ajá ńlá lé e kiri pápá. Àwọn ajá ńlá wọ̀nyí ga, ẹsẹ̀ wọn sì yá, ṣùgbọ́n bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ti bọ́ sínú ihò, agbára wọn parí. Ẹnu ihò ni wọn yóò dúró sí, tí wọn yóò máa gbó lásán. Nígbà náà ni a ó gbé tẹ́ríà sílẹ̀.

Òkùnkùn biribiri ni inú ihò náà. Ajá kò rí ọ̀gá rẹ̀, agbára káká ni ó sì fi lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ihò náà yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó sì há débi pé ní ibòmíràn kò sí àyè láti yí padà. Iwájú rẹ̀ ni ẹranko tí eyín rẹ̀ mú tó tirẹ̀ wà. Kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ fún un níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá kí òun tẹ̀ síwájú tàbí kí òun dúró, bóyá kí òun gbó tàbí kí òun bu ẹran náà jẹ. Ajá tí ń dúró de àṣẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ojo kò sì lè ṣe é. Ohun tí àwọn onílé ń pè ní oríkunkun lára ajá yìí lónìí, inú ihò náà ni ó ti wá.

Síbẹ̀ Russell kò fẹ́ ajá tí yóò pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bí ajá bá pa á sínú ilẹ̀, eré ọjọ́ náà ti dópin nìyẹn. Ajá tí yóò gbó mọ́ ọn, tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi sá jáde, ni ó ń wá kiri. Ìdí nìyí tí ajá náà fi ní ohùn púpọ̀. Ìdí kan náà wà fún àwọ̀ funfun: bí àwọn méjèèjì bá jọ bú jáde nínú ihò, tí erùpẹ̀ bo ara wọn, ó yẹ kí àwọn ajá ńlá lè mọ èyí tí í ṣe ẹran yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ẹnì kejì wọn. Àyà rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fẹ̀. Títí di òní, bí a bá ń yẹ ajá yìí wò, ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn èjìká; bí ọwọ́ ènìyàn kò bá ká a, a mọ̀ pé ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbà kọjá, òun kò lè gba ibẹ̀.

Ní ti ọ̀gá ajá náà, a fi í jẹ díákónì ní ọdún 1819, ó sì di àlùfáà ní ọdún 1820. Ó ṣiṣẹ́ ní George Nympton àti ní Iddesleigh kí ó tó gba ìjọ Swimbridge ní àríwá Devon, níbi tí ó lò ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ìsìn kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi. Kí ó tó darúgbó ó ti di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́, orí ẹṣin ni a ti ń rí i láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́. A máa ń sọ ọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù Phillpotts ti Exeter rọ̀ ọ́ pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn ajá ọdẹ rẹ̀, Russell sì dáhùn pé òun gbà, láti ọjọ́ náà lọ ìyàwó òun ni yóò máa sìn wọ́n. Ìdáhùn náà pa ni lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣòro láti sọ pé ó yẹ ẹni tí ó ti ṣèlérí ìgbọ́ràn fún bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, àti ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1883, ẹni ọdún 87, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì sìn ín dé ibojì ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Swimbridge. Ọmọ-Aládé Wales, ẹni tí ó di Ọba Edward Keje lẹ́yìn náà, mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì mú kí a ya àwòrán Trump, èyí tí a gbé kọ́ sí ààfin Sandringham.

Nígbà tí a dá Kennel Club sílẹ̀ ní ọdún 1873, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìran ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Russell wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ ṣe onídàájọ́ tẹ́ríà níbi ìpàtẹ ní ọdún 1874. Ṣùgbọ́n kì í mú ajá tirẹ̀ lọ sí ìpàtẹ. Ó ti rí i pé ajá tí a ń sìn kí ojú lè rí i kí ó yìn ín ti ń yà kúrò lọ́nà ajá tí a ń sìn fún iṣẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Arthur Heinemann gba iṣẹ́ náà. Ó dá ẹgbẹ́ ọdẹ kan sílẹ̀ ní Devon àti Somerset ní ọdún 1894, ó sì kọ ìlànà àkọ́kọ́ nípa bí ó ṣe yẹ kí ajá náà rí sílẹ̀ ní ọdún 1904. Iyàn láàárín àwọn tí ń fẹ́ ẹwà àti àwọn tí ń fẹ́ iṣẹ́ kò tán. Ọdún 1990 ni Kennel Club tó kọ ajá náà sínú ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà ajá iṣẹ́ sì lòdì sí i kíkankíkan, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé díńgí onídàájọ́ yóò ba ohun tí ihò ti tún ṣe jẹ́.

Lóde òní, oríṣi méjì ni a mọ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ni a ń pè ní Parson Russell, akọ rẹ̀ a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 36, abo 33. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ni Jack Russell, tí ó ga láti sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì yẹ kí ó jẹ́ kílò 1 fún sẹ̀ǹtímítà 5 kọ̀ọ̀kan. Ajá tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kílò 6 ni. Australia ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó sọ èyí kúkúrú di ìran tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kennel Club kò kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ọdún 2016. Irun wọn lè jẹ́ dídán, ó lè le gbáúgbáú, ó sì lè wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ti rí àwòrán ìbátan ajá yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwo orin HMV, irú èyí tí Àyìndé Bákàrè gbohùn sí, ní àwòrán ajá funfun kan tí etí rẹ̀ dúdú, tí ó jókòó níwájú gíramafóònù, tí ó sì dẹ etí sílẹ̀. Nipper ni orúkọ ajá náà. Ìlú Bristol ni a bí i sí ní ọdún 1884, ó sì kú ní ọdún 1895. Tẹ́ríà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dàpọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Francis Barraud ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ gíramafóònù sì ra àwòrán náà ní ọdún 1899, pọ́n-ùn 50 fún àwòrán náà, pọ́n-ùn 50 mìíràn fún ẹ̀tọ́ lílò rẹ̀. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Nipper ni pé ó máa ń bu àwọn àlejò jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀. Àwòrán kò lè fi èyí hàn.

Ní ọdún 2004 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó ka fífi ajá dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ léèwọ̀ ní England àti Wales. Oṣù Kejì ọdún 2005 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyè tí ó fi sílẹ̀ fún tẹ́ríà nínú ihò sì kéré gan-an. Nítorí náà ajá tí a ti fi iṣẹ́ kọ́ láti ìran dé ìran ti di ajá àárín ilé. Iṣẹ́ ti kúrò, ṣùgbọ́n ìwà kò bá a lọ. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún ajá náà àti fún ẹni tí ó rà á. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Kò gba àyè púpọ̀. Ènìyàn a rò pé nítorí ó kéré, ìtọ́jú rẹ̀ yóò kéré. Kò pé oṣù mẹ́fà, ọgbà ti di kòtò, bàtà ti ya, aládùúgbò ti wá fẹjọ́ sùn nítorí gbígbó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gba ajá náà lọ. Uggie, ajá irú èyí tí ó ṣe nínú sinimá The Artist ní ọdún 2011, tí gbogbo ayé sì ń yìn, àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pé ó yá jù. Olùkọ́ ajá kan ni ó gbà á, tí ó sì rí i pé iṣẹ́ ni ó ń wá.

Ajá yìí tètè ń kẹ́kọ̀ọ́, rere àti búburú bákan náà. Ọgbà tí ajá mìíràn kò lè jáde nínú rẹ̀ ni yóò wò títí, yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lè fò sókè ju ìlọ́po méjì gíga ara rẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò sìn ín ní láti ri àwọ̀n wáyà mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó tẹ ìdí rẹ̀ sí inú ọgbà, kí ajá náà bá a níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń walẹ̀. Ó sàn kí a fún un ní igun kan tí ó lè máa gbẹ́ bí ó ti wù ú. A lè ri egungun tàbí ohun ìṣeré rẹ̀ síbẹ̀ kí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni tirẹ̀. Lílù kò wúlò. Ajá tí ó ń ko eyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lójú nínú òkùnkùn kò ní bẹ̀rù pàṣán; lílù a kàn kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹran díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ àti ohùn ayọ̀ ní àkókò tí ó tọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù àti ẹ̀kọ́ kúkúrú lójoojúmọ́.

Àwọn baba wa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò sí ajá tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó tẹ́ríà, nítorí bí imú rẹ̀ bá ti gba òórùn ẹran, etí rẹ̀ ti di. Láti ìgbà tí ó bá wà ní ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni kí a ti máa pè é wá jẹun pẹ̀lú fèrè kan náà, kí a sì fi okùn gígùn mú un ní pápá títí yóò fi máa padà wá ní ìgbàkúgbà tí a bá pè é. Ọ̀pọ̀ ajá bẹ́ẹ̀ ni ó ti wọ ihò tí wọn kò sì jáde mọ́: ilẹ̀ wó lù wọ́n, tàbí wọ́n há sáàárín gbòǹgbò igi. Àwọn ọdẹ òde òní a máa so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọrùn ajá wọn, èyí tí ń sọ ibi tí ó wà àti bí ó ti jìn tó sínú ilẹ̀, kí wọn lè fi ṣọ́bìrì wá a kàn. Onílé tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá rẹ̀ mú ihò wíwọ̀ bí eré.

Ẹni tí ó ní adìyẹ ní láti rò ó dáadáa. Ohun tí ó bá ń sá ni ajá yìí ń lé, adìyẹ tí ń pariwo tí ń gbọn apá sì ni ó ń sá jù lọ. A lè mú ọmọ ajá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo adìyẹ pẹ̀lú okùn lọ́rùn lójoojúmọ́, kí a máa fún un ní oúnjẹ nígbà tí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ a máa kọ́ láti fi wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó bọ́gbọ́n mu láti fi òun àti òròmọdìyẹ sílẹ̀ láìsí ẹni tí ń wò wọ́n. Ní ti ehoro, kí onílé yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ológbò tí ó bá ilé ni ó lè bá gbé, bí wọ́n bá jọ dàgbà. Ológbò aládùúgbò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Pẹ̀lú àwọn ọmọdé, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ajá náà, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́ nínú eré. Ṣùgbọ́n kì í gba ìwọ̀sí. Ọmọ kékeré tí ń fà á nírù, tí ń gbá etí rẹ̀ mú, tàbí tí ń fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ lè rí eyín rẹ̀. Ọmọ ni a kọ́kọ́ ń kọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Bákan náà, abo méjì nínú ilé kan lè gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí wọn sì bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ọjọ́ kan tí ilàjà kò ní ṣeé ṣe mọ́. Akọ kan àti abo kan ni ó rọrùn jù, bí a bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá.

Bí ajá yìí ti ní ìyọnu tó, ọjọ́ kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbàgbé ẹ̀sùn tí ó ní sí i. Ọjọ́ ìpakà ni. Láyé ìgbà tí a ń kó ọkà jọ ní òkìtì ńláńlá lẹ́bàá oko títí di ìgbà òtútù, eku a máa pọ̀ nínú òkìtì náà, wọn a máa jẹ, wọn a máa bí sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ ìpakà bá dé, a ó fi àwọ̀n wáyà yí òkìtì ká, a ó sì mú tẹ́ríà méjì tàbí mẹ́ta wọlé. Bí òkìtì náà ti ń lọ sílẹ̀ ni eku ń sá lọ sísàlẹ̀, títí kò fi sí ibi tí wọn yóò sá sí mọ́. Tẹ́ríà kì í fi eku ṣeré bí ológbò. Yóò gbá a mú lẹ́yìn ọrùn, yóò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sọ ọ́ nù, yóò sì ti yíjú sí òmíràn kí èyí àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Eku kì í jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sàn fún un ju pańpẹ́ tàbí májèlé lọ.

Nítorí iṣẹ́ yìí ni ewu méjì fi wà tí ẹni tí ń sin ajá apeku gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní ni májèlé eku. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn májèlé tí a ń tà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ajá tí ó bá jẹ ẹ́, tàbí tí ó bá jẹ eku tí ó ti jẹ ẹ́, kì í fi nǹkan kan hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ara rẹ̀ yóò di aláìlágbára, ìdí eyín rẹ̀ yóò funfun, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà nínú ara rẹ̀. Fítámì K ni oníṣègùn ẹran fi ń wò ó, bí a bá tètè gbé e dé. Ilé tí ó ní tẹ́ríà kò gbọdọ̀ lo májèlé eku rárá. Ewu kejì ni àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leptospirosis. Inú ìtọ̀ eku ni kòkòrò rẹ̀ wà, ó sì ń gba ojú egbò, ẹnu tàbí omi ẹlẹ́gbin wọ ara. Ó ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ojú ajá náà lè pọ́n bí ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe, ènìyàn pẹ̀lú sì lè kó o lára ajá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ọdọọdún ni a sì ń gbà á. Eku tí ajá bá pa, kí a má fi ọwọ́ lásán gbé e.

Àrùn tí ó burú jù lọ ni ti dìgbòlugi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé e jáde láti ọdún 1922, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká, láti ẹnu ajá ni ó sì ti ń bá ènìyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá dìgbòlugi ti bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris. Ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kí ó kú ikú yìí bí ó bá rí ìtọ́jú ní kíákíá. Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọmọ oṣù mẹ́ta, kí a sì tún un gún gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ẹran bá ti wí. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ì báà jẹ́ ajá ilé, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn wẹ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ata, epo, ewé gígún, kò sí èyí tí ó yẹ kí a fi sí i. Nígbà tí ìbẹ̀rù omi bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí àgbà ajá jẹun, kí ẹran tàbí ẹja wà nínú rẹ̀, kí omi tútù sì wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Kí a má fún un ní egungun tí a ti sè, nítorí ó ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Àlùbọ́sà, èso àjàrà àti ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún un. Ajá tí kò ṣiṣẹ́ tí ó sì ń jẹ àjẹkù gbogbo ilé yóò sanra, ọ̀rá sì máa ń pa tẹ́ríà lára ní orúnkún àti ní ọkàn. Wákàtí kan ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kò pọ̀ jù fún ìrìn àti eré rẹ̀. Kí a yẹra fún ọ̀sán gangan níbi tí oòrùn bá ti mú. Irun dídán kò fẹ́ ju búrọ́ọ̀ṣì lọ. Irun líle ni a ń fi ọwọ́ tu èyí tí ó ti kú kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Bí a bá fi àlùmọ́gàjí gé e, yóò rọ̀, kò sì ní lè gbéjà ko òjò mọ́. Kí a máa wo abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún eégbọn, kí a sì máa fún un ní oògùn aràn. Eyín rẹ̀ tètè ń bàjẹ́. Ẹni tí ó bá lè fọ̀ ọ́ fún un, kí ó fọ̀ ọ́.

Àwọn àbùkù kan wà tí ó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ òbí wá. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni pé díńgí kékeré inú ojú lè já kúrò ní ipò rẹ̀, tí ojú náà yóò pọ́n, tí yóò ṣú, tí yóò sì máa dun ajá náà gidigidi. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ, bí a kò bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní ọjọ́ náà, ojú lè fọ́. Ajá tí ó gba àbùkù yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo lè rí dáadáa títí láé. Bí a bá wá fi akọ bẹ́ẹ̀ gun abo bẹ́ẹ̀, ìdámẹ́rin àwọn ọmọ ni ó ṣeé ṣe kí ó gba á láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí a ti rí ibi tí àbùkù náà fara pamọ́ sí ní ọdún 2010, a lè fi itọ́ ẹnu ajá yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó mú un gùn. Ẹni tí ń ta ọmọ ajá tí kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò yìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni kí a lọ. Nítorí àwọ̀ funfun, a máa ń rí àwọn tí a bí ní adití pẹ̀lú; kí olùrà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ ajá náà kí ó tó sanwó. Kí ó má sì gbà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ìran kan tí ó ní agbára ni, pẹ̀lú gbogbo èyí. Bothie, ajá irú èyí, bá àwọn arìnrìn-àjò Transglobe rìn láàárín ọdún 1979 àti 1982, wọ́n sì gbé e dé òpin ayé ní gúúsù àti ní àríwá. Kò sí ajá tí ó tún lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọdún 1994 ni a ti ka ajá léèwọ̀ ní ilẹ̀ yìnyín gúúsù. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 nípa ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jack Russell ni ẹ̀mí rẹ̀ gùn jù nínú àwọn ìran tí a kà, ọdún 12.7 láti ọjọ́ ìbí, nígbà tí bulldog Faransé kò ju ọdún 4.5 lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń dé ọdún 15.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kí a gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tútù, kí a sọ ìrìn rẹ̀ di kúkúrú ṣùgbọ́n kí a má dá a dúró, kí a sì jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀. Etí rẹ̀ lè di, ojú rẹ̀ lè ṣú. Imú rẹ̀ ni ó ń gbẹ́yìn. Bí ó bá sùn lẹ́bàá iná ní alẹ́, a ó máa rí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì tí yóò máa mì, tí yóò máa fà, bí ẹni pé ó ń walẹ̀.